Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Ọgbọ́n Àjọpín

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé Linux jáde, tí ó sì yọ̀ǹda kí àwọn ẹlòmíràn lò ó, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì pín in. Àwa díẹ̀ nínú akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ń lò ó máa ń pàdé láti ran ara wa lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ara wọn ṣì le ni kò lè gba Windows 11. Èyí tí ìbá wúlò fún ọmọ iléèwé lè wá di ti ààtàn.

Bí a bá ń ṣètò ìpàdé, a ó wá ibi tí iná wà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ti ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi fúláàṣì dán Linux wò, kí a tó pa ohunkóhun rẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwà ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Àgbà tí a bá fi ìbéèrè rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kò ní padà wá mọ́. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà ni yóò máa wà lórí bọ́tìnnì. Ẹnu ni a ó fi tọ́ ọ sọ́nà. Abèèrè kì í ṣìnà, bí ẹni tí a bi léèrè bá ní sùúrù.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má tíì sọ kọ̀ǹpútà yín nù. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àwọn ọmọ wa.