Ká tún un ṣe ni, àbí ká ra òmíràn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé fún aráàlú ní àdúgbò Boundary, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ta kọ̀ǹpútà yín tó ń falẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ háádì díìsìkì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tó máa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí oníbàárà á fi dúró títí kí fáìlì kan tó ṣí, òun gan-an lọ̀tá yín. Ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sọ RAM 4GB di 8GB. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà yín lẹ́nu, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ tuntun rárá.

Windows ló le níbẹ̀. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025, Windows 11 sì ń béèrè èròjà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Bí ti yín ò bá ní in, tí ẹ sì ń fi í ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó òmíràn. Tó bá jẹ́ ìwé nìkan lẹ ń fi í tẹ̀, Linux wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bẹ́ ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà láti ra òmíràn, Intel ìran kẹjọ sókè tó lè gba Windows 11 ni kẹ́ ẹ béèrè, kí wọ́n sì tàn án lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.