Boubou Hama, Olùkọ́ tí ó Kọ Ìtàn fún Ọmọdé

Ní Niamey, tíí ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1959. Orúkọ Boubou Hama ni ilé náà ń jẹ́ lónìí. Àlejò tí kò mọ ìtàn lè rò pé ọba tàbí ọ̀gágun ni ẹni náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, ó sì kọ ìwé fún àwọn ọmọdé.

Fonéko, ní agbègbè Téra, ni a bí i sí, láàárín àwọn Songhay. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ lálẹ́, ti ìkookò òmùgọ̀ àti ehoro ọlọ́gbọ́n, ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ìṣáájú. Lẹ́yìn èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Faransé gbà á, títí ó fi dé William Ponty ní erékùṣù Gorée, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn olùkọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1929 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní ilẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tí ó bá ní kíláàsì, òkè òkun ni wọ́n ti wá. Ọmọ a máa kà nípa òjò dídì nígbà tí oòrùn ń jó ilẹ̀ lóde.

Ìṣèlú fà á kúrò ní kíláàsì. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú PPN sílẹ̀ ní 1946, ó sì ṣe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti ìgbà òmìnira, ní 1960, títí di 1974. Síbẹ̀ kò fi gègé sílẹ̀. Ní 1970, ìwé rẹ̀ Kotia-Nima, tí ó fi sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, gba ẹ̀bùn ńlá ti àwọn ònkọ̀wé Áfíríkà. Ní 1972, òun àti Andrée Clair, obìnrin Faransé tí ó ń kọ ìwé ọmọdé, gbé L'Aventure d'Albarka jáde. Láti ọdún náà ni ìdìpọ̀ àlọ́ àti ìtàn ilẹ̀ Niger tí ó kó jọ ti ń jáde pẹ̀lú, tí wọ́n fi di mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n igbá kan kì í lo ilé ayé gbó. Ọ̀dá dé, ìyàn tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn ń bínú sí ìjọba. Ní oṣù kẹrin 1974 àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ti Hama mọ́lé. Ní 1982 ni ó kú sí Niamey. Oyè lọ, ọkọ̀ oyè lọ. Àwọn ìwé kò lọ.

Ó tọ́ kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ D. O. Fágúnwà wa, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì mú ìtàn àwọn àgbà wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni Fágúnwà fi kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Faransé ni Hama fi kọ tirẹ̀. Èdè náà lè gbé ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ Dakar àti ọmọ Cotonou, èrè ńlá sì ni. Síbẹ̀, ọmọ Téra tí kò tíì gbọ́ Faransé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí, bẹ́ẹ̀ ìtàn ìyá rẹ̀ àgbà ni wọ́n ń kà nínú ilé.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí jẹ́ fún àwa olùkọ́. Èkínní ni pé iṣẹ́ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí a má lè kọ ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Èkejì ni pé kí a kọ ọ́ ní èdè tí ọmọ fi ń pe ìyá rẹ̀, kí ó lè bá ilé rẹ̀ pàdé nínú ìwé.