Òkúta Saint-Uzec ní Ilẹ̀ Brittany

Ilẹ̀ Faransé la lọ nígbà ìsinmi, àmọ́ kì í ṣe ti Paris ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ̀-oòrùn la gbà lọ, sí Brittany, níbi tí ilẹ̀ ti nà wọnú òkun, tí àwọn erékùṣù kéékèèké sì fọ́n ká sétí rẹ̀. Ní agbègbè Pleumeur-Bodou, òkúta kan dá dúró níbẹ̀ gbangba. Saint-Uzec ni wọ́n ń pè é.

Ó ga ju mítà 7 lọ. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tiwa ní Ifẹ̀ kò ga tó o. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ti gbé e nàró, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Jésù rárá. Àmọ́ bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, àgbélébùú lẹ ó kọ́kọ́ rí lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ àgbélébùú ni wọ́n gbẹ́ obìnrin kan sí tó ń gbàdúrà, pẹ̀lú oòrùn àti òṣùpá. Àkùkọ wà níbẹ̀, àkàsọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ àti agbárí náà wà. Òòlù, ẹ̀mú, ìṣó: ẹni tó bá ń bọ Ògún á kọ́kọ́ rò pé ilé òun lòun dé! Irinṣẹ́ tí wọ́n fi kan Jésù mọ́gi ni wọ́n fi wọ́n ṣe o. Iṣẹ́ ọnà náà dára, mi ò ní purọ́.

Ọ̀rọ̀ òkúta ti ń yọ ìjọ lẹ́nu tipẹ́. Lọ́dún 567, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé nílùú Tours, wọ́n bá àwọn tó ń lọ ṣorò nídìí òkúta wí. Lọ́dún 789, ọba Charlemagne tún ṣòfin lórí ohun kan náà. Ẹ wò ó, bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, kí ló dé tí wọ́n tún ń ṣe èkejì?

Ọdún 1674 ni wọ́n tó wá gbẹ́ nǹkan sára ti Saint-Uzec yìí. Láyé ìgbà yẹn, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Julien Maunoir ń káàkiri Brittany láti abúlé dé abúlé. Ó kọ́ èdè Breton, ó sì ń fi àwòrán kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé. Èdè onílé ló fi wọlé. Lójú tèmi, irú àwòrán yẹn náà ni wọ́n sọ òkúta yìí dà. Wọn ò hú u, wọn ò fọ́ ọ. Wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i lẹ́nu ni. Wọ́n tún fi ọ̀dà kun àwòrán Jésù sára rẹ̀, àmọ́ ọ̀dà yẹn ti ṣí dànù. Ìjọba Faransé fi òkúta náà sábẹ́ ààbò lọ́dún 1889.

Ọmọ mi obìnrin bi mí pé, “Màámi, ṣé ká kúnlẹ̀ kí i ni?”

Mo ní, “Kí la fẹ́ kí i pé? Ta ló mọ oríkì ẹ̀? Ta ló mọ èèwọ̀ ẹ̀?”

Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn, kì í ṣe àgbélébùú. Ẹ pe ọmọdé Ifẹ̀ kan, á sọ ẹni tó ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn fún yín. Ti ibí yìí, orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ ló kù. Orúkọ tí àwọn tó gbé e ró ń pè é ti bá wọn lọ, àti orin, àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, bó bá ní. Ọwọ́ agbẹ́kùúta kọ́ ló pa ìyẹn. Ìgbà tí ìyá ò sọ fún ọmọ mọ́ ló kú.

A ò kúnlẹ̀. Omi tútù la ta sídìí rẹ̀, torí omi ò lọ́tàá. Lẹ́yìn náà la kọjá sí erékùṣù Île-Grande nítòsí, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti fi òkúta ńláńlá kọ́ ilé fún òkú wọn. Afárá wà lórí omi ibẹ̀, mọ́tò lẹ lè gbé débẹ̀.