Kọ́kọ́rọ́ Kì í Ṣe Oògùn Bárakú

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni kọ́kọ́rọ́ yàrá àbúrò mi fi wà nínú àpò mi. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ wọlé fún un, èmi náà ni mo ń ti ìlẹ̀kùn padà. Ó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, omi ń dà lójú àti nímú rẹ̀, ó ń bì, ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí ó jókòó, egungun ń ro ó, kò sì fi ojú ba oorun. Ní òru ọjọ́ kẹta, ó pè mí láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pé: “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré.” Mo dá a lóhùn pé ìyà ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Àbúrò mi kì í ṣe ọmọ ìta. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Jàǹbá ọkọ̀ kan ni ó dá ẹsẹ̀ rẹ̀, tramadol ni wọ́n sì fi ń pa ìrora náà. Egungun jinná, ṣùgbọ́n oògùn kò lọ. Ó rí i pé bí òun bá ti lò ó, òun lè wakọ̀ mọ́jú láìrẹ òun. Díẹ̀díẹ̀ ni ó kúrò lórí 50 mílígíráàmù, títí ó fi dé orí 225, èyí tí àjọ NAFDAC kò fọwọ́ sí rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tà nínú gáréèjì. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn yìí ń ṣe: ọpọlọ á bá a mọ́ra débi pé kò ní lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ láìsí i. Ẹni tí a bá já a gbà mọ́ lọ́wọ́ lójijì kò díbọ́n. Ara rẹ̀ ni ó ń jà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a ṣí ìlẹ̀kùn. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín. Màmá wa gúnyán, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A ní ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a bá a nínú ọkọ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń hanrun, èémí rẹ̀ sì jìnnà síra wọn. Kò lò ju iye tí ó máa ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. A tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní naloxone lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ tí ń lé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ. Bí kò bá sí i ni, bóyá òkú rẹ̀ ni à bá gbé padà sílé.

Dókítà tí ó gbà wá kò bú wa. Ó ní: “Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹ tì í mọ́lé, ara rẹ̀ ti gbàgbé bí a ṣe ń ru ẹrù yẹn. Ẹ kò sì mú ẹrù náà kúrò lọ́kàn rẹ̀.” Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ oògùn kúrò lára rẹ̀ ni ikú sún mọ́ jù, bí ó bá padà sí iye àtijọ́.

Wọ́n dá a dúró. Wọ́n béèrè gbogbo ohun tí ó ń lò, nítorí tramadol lè fa gìrì. Wọ́n ń dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fún un ní clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó máa ń mú ìlàágùn àti ìgbọ̀nrìrì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kì í fún un láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọn ìfúnpá rẹ̀, nítorí oògùn náà lè fà á wálẹ̀ jù. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, wọn kò ní kí ó máa lọ; ìjíròrò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà tí aláìsàn lè máa lò fún oṣù tàbí ọdún kí bárakú náà má bàa tún gbé e: methadone àti buprenorphine. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà wọ́n mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ wa jẹ́ kí ó rọrùn láti rí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé wa. Ìwádìí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ló lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́nà àìtọ́ láàárín ọdún kan. Ní ọdún náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ tí ó ní kódìnì àti kíkó o wọlé. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í tọ́jú ẹni tí ó ti há sínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde níbi tí wọ́n há wọn mọ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n pè ní ilé àtúnṣe. Inú bí mi nígbà tí mo ka ìròyìn náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi náà ra àgádágodo.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá ti fi ọ̀nà mìíràn han ayé rí. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àbúrò mi ṣì ń lọ rí dókítà. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá kan ìlẹ̀kùn mi lóru, tí ó sì sọ fún mi. N kò wá kọ́kọ́rọ́. Mo wọ bàtà, a sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.