Ẹ Má Gé Máńgòrò Nítorí Àgbáyun

Lyon, ilẹ̀ Faransé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,



Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, pé Bàbá fẹ́ gbin àgbáyun sí ẹ̀yìnkùlé, pé ẹnìkan sì ti ní kí ó gé igi máńgòrò kí oòrùn lè ráyè wọlé. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó má gé e. Abẹ́ igi ńlá ni àgbáyun ti ń hù nínú igbó ìsàlẹ̀ Benin, títí dé Nàìjíríà àti Gánà, kì í sì sábà ga kọjá òrùlé ilé wa. Parakou tiwa kì í ṣe ilẹ̀ igbó bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò kan ṣoṣo la ní lọ́dún, láti bí oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé, tí á gbẹ ètè, tí á gbẹ ewé. Bí máńgòrò yẹn bá lọ, kí ni yóò gba ọ̀gbìn kékeré lọ́wọ́ oòrùn oṣù kẹta? Bí òjìji bá ṣú jù, ẹ rẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín sí ìdí máńgòrò gan-an, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ á gba omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ sún un jáde síbi tí ẹ̀ka pin sí.

Ọ̀rọ̀ kóró ló jẹ mí lógún jù. Èyí tí o ní wọ́n dì fún yín nínú bébà, bí ó bá ti gbẹ, ó ti kú, ẹ má da omi lé e lórí lásán. Ìbátan òrí àti àgbálùmọ̀ ni àgbáyun, kóró wọn kò ṣeé tọ́jú dọdún bíi ti àgbàdo. Ẹ ké sí àbúrò Ìyá tó wà ní Pobè. Kí ó já èso tó pupa fòò, kí ó fi ewé tútù dì í, kí ó fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Parakou. Kí ó má yọ kóró kúrò nínú ẹran rẹ̀ o. Lọ́jọ́ tó bá dé gan-an ni kí ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì fọ kóró náà títí yíyọ̀ ara rẹ̀ á fi tán. Ẹ ó rí i pé apá kan dán, apá kejì rí hàràhàrà bí ojú àpá. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú sínú ọ̀rá tí ẹ ti lu nísàlẹ̀, kí erùpẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́.

Ilẹ̀ dúdú tí ewé ti jẹrà sí ni kí ẹ lò. Mo mọ̀ pé Ìyá fẹ́ràn láti máa da eérú sí ìdí ewébẹ̀ nítorí kòkòrò. Kí ó má dà á sí èyí. Ilẹ̀ tó ní kíkan díẹ̀ nínú ni àgbáyun ń fẹ́, eérú sì máa ń pa kíkan ilẹ̀. Omi ọṣẹ náà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ó lè tó oṣù kan tàbí méjì kí ó tó yọjú, ẹ má máa tú u wò. Kí ó wà nínú ọ̀rá títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Ó máa ń lọ́ra dàgbà gan-an, ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kí ó tó so.

Mo mọ ohun tí Bàbá ń wá. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí ó jáwọ́ nínú ṣúgà ni ògì kò ti dùn ún mu mọ́. Kí ó jẹ àgbáyun kan, kí ó fi ahọ́n rá a káàkiri ẹnu, kí ó tó mu ògì kíkan. Ohun kíkan á máa dùn ún lẹ́nu títí bíi wákàtí kan. Ẹ má sè é mọ́ ògì, nítorí iná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kurihara àti Beidler yọ jáde ní 1968, tí wọ́n ń pè ní miraculin, ahọ́n nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Bàbá pé oògùn àtọ̀gbẹ ni, kí ẹ má gbà.

Ní 1725, Des Marchais, ará Faransé, ti kọ nípa èso yìí lẹ́yìn tó rí àwọn ará etíkun wa tí wọ́n ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Ní 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i kí wọ́n máa ta gbígbẹ rẹ̀ níbí. Ó ń dùn mí pé owó gọbọi la fi ń rà á nínú páálí kékeré, nígbà tí àwọn ọmọ ilé wa kò tíì fojú kan igi rẹ̀.

Mo ti fi owó ọkọ̀ sórí fóònù rẹ. Pe Pobè lọ́sẹ̀ yìí, kí òjò tó dá. Kí o sì máa rí i pé Bàbá ń lo oògùn dókítà láràárọ̀, kí ó má pa ọjọ́ kan jẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ