Kí Aṣọ Má Rún Sábẹ́ Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin akẹẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti fonọ́lọ́jì tàbí síńtáàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan gírámà díẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ni: bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń sá a, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó má baà rún. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wo ojú bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì? Bí a bá jí láàárọ̀, a ó da aṣọ ìbora bo gbogbo rẹ̀, a ó sì sáré lọ síbi lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ. Aṣọ tó rún kò pa ẹnikẹ́ni.

Ní ilé tiwa ní Mọ́kọ́lá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọdún kan báyìí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọn ò sì lè yí ara wọn padà láìjẹ́ pé ẹnìkan bá wọn ṣe é. Màmá mi máa ń jáde lọ sí ìsọ̀ wọn ní Dùgbẹ̀ kí aago méje tó lù. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kí n tó wọ mọ́tò lọ sí UI. Mẹ́fà ni a ní. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo lè fọ̀ tó mẹ́wàá, torí pé òmíràn ń lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tí a gbé Ìyá Àgbà dé láti ọsibítù, wọ́n wá kí wa. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí Ìyá Àgbà, tí wọ́n sì fi ìka tọ ìlà kan lára aṣọ.

“Fọwọ́ kàn án,” wọ́n sọ fún mi. “Bí okùn ni èyí ṣe rí lábẹ́ ẹni tí kò lè yíra. Bí nǹkan bá ń gún èmi àti ìwọ lójú oorun, a ó yí padà láìtilẹ̀ jí. Màmá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

Egbò ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìwúwo ara ló ń fà á. Níbi tí egungun ti súnmọ́ awọ, bí ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgúnpá àti ẹ̀yìn orí, ìwúwo yìí máa ń tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè débẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹran ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìwé máa ń ní ká wo ibi tó bá pọ́n, ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa. Ibẹ̀ lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè gbóná, ó sì lè le lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọwọ́ wò ó, tí a kì í fi ojú nìkan wò ó. Aṣọ tó rún kọ́ ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀, àìyíra ni. Ṣùgbọ́n ìlà aṣọ ń fi kún ìnira náà, òógùn àti ìtọ̀ sì ń jẹ́ kí awọ rọ̀, kó tètè bó. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí Florence Nightingale kọ ìwé rẹ̀, Notes on Nursing, ní 1859, ó ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí irú egbò bẹ́ẹ̀ bá yọ lára aláìsàn, ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àìsàn náà.

Áyọ́ọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù ilé wa ń jẹ wáàtì tó 1,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní “I better pass my neighbour” kò sì lè gbé e. Iná ìjọba lè dé ní aago méjì òru, kó sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó tilẹ̀ ń rí iná ń ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 fún kílówáàtì wákàtí kan. Lílọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí àpò màmá mi lè gbé. Ó di dandan kí n mọ bí aṣọ ṣe lè gbẹ láìrún.

Kí ló tilẹ̀ ń mú aṣọ rún? Ohun tí Ọlọ́run fi dá òwú ni sẹ́lúlóòsì, ẹ̀wọ̀n gígùn tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n di ara wọn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn ọmọdé tó so ọwọ́ pọ̀. Bí omi bá wọ inú aṣọ, ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú á tú, wọn á sì lè sún sọ́tùn-ún sósì. Bí omi bá ń jáde, wọn á tún di ara wọn mú, ṣùgbọ́n ní ipò tí gbígbẹ bá bá wọn ni. Bó bá jẹ́ pé inú ìrún ni aṣọ gbẹ sí, ìrún náà ni wọn yóò dì mú. Áyọ́ọ̀nù kò ṣe ju pé kó fi ooru àti omi tú ọwọ́ wọn, kó sì fi ìwúwo rẹ̀ tẹ́ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí aṣọ ń gbẹ ni ọ̀rọ̀ ìrún ń yanjú tàbí kó bàjẹ́.

Polyester yàtọ̀ sí èyí. Kì í mu omi tó òwú, ooru ló ń darí rẹ̀. Bí a bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tí a sì jẹ́ kó tutù ní kíkájọ, ìlà inú rẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Ní omi tútù, kì í sábà rún. Aṣọ olówùú tí wọ́n kọ sí lára pé kò nílò áyọ́ọ̀nù náà wà. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni Ruth Benerito, onímọ̀ kẹ́mísírì ará New Orleans ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba ní àwọn ọdún 1950. Kẹ́míkà ni wọ́n fi so àwọn ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlóòsì pọ̀, kí omi má lè tú wọn mọ́. Méjì lára mẹ́fà tiwa, tí a rà ní òkìrìkà, ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀ lára. Mẹ́rin tó kù, Àlẹ́ṣinlọ́yẹ́ la ti rà wọ́n, polyester sì pọ̀ nínú méjì wọn. Ibí yìí ni ìṣòro wà: èyí tí kì í rún ló ń mú Ìyá Àgbà láàgùn, èyí tó ń fa òógùn ló ń rún. Olówùú la wá ń tẹ́ ní ọ̀sán, nígbà tí ooru bá mú.

Bàbá alágbàfọ̀ kan tí ìsọ̀ wọn wà ní ọ̀nà Sábó ló kọ́ mi ní ìyókù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí aṣọ tó tóbi kí wọ́n tó fi áyọ́ọ̀nù kàn án.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “ẹni tó bá lọ́ aṣọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà sí i lára. Fún un ni. Má lọ́ ọ.”

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Bí ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi tútù ni mo fi ń kọ́kọ́ ṣan án, torí pé omi gbígbóná á jẹ́ kí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Aṣọ kan ni mo ń fi sínú bésìn kan; aṣọ tí a kì mọ́ra ti rún kí omi tó kàn án. Mo ń ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ọṣẹ tó bá kù sínú rẹ̀ á mú kó le gbagidi, á sì máa yún awọ àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà, mo ká a sí mẹ́rin, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ omi jáde lára rẹ̀. Omi tó kù, ìwúwo rẹ̀ wúlò: bí aṣọ bá rọ̀ sórí wáyà, omi yìí ló ń fà á sísàlẹ̀ tí àwọn ìlà fi ń nà. Kí n tó sá a, èmi àti ọmọ alájọgbé wa á di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, a ó gbọ̀n ọ́n títí yóò fi dún pàá. A ó wá sá a kí etí méjèèjì ṣe déédéé, n ó sì fi ọwọ́ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, n ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá lọ jẹun kó tó fà á ti pẹ́ jù, aṣọ ti gbẹ.

Orí wáyà, nínú oòrùn gan-an ni. Kì í ṣe orí koríko, kì í ṣe abẹ́ ibòji. Eṣinṣin kan wà nílẹ̀ wa tó máa ń yé ẹyin sí aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ sì máa ń wọ awọ ènìyàn, kó wú bí oówo. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin náà. Nítorí náà, bí iná bá dé lóru, mo máa ń dìde lọ èyí tí mo bá lè lọ̀. Èyí tó bá kù, tó ti gbẹ dáadáa, n ó ká a, n ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ fóòmù tèmi. Ìwúwo mi á ṣe iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì. Títí di òní, ní kòtò aró Kofar Mata ní Kano, kùmọ̀ igi ni wọ́n fi ń lu aṣọ tí wọ́n pa láró títí yóò fi jọ̀lọ̀, tí yóò sì máa dán. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, ìwúwo àti sùúrù ni.

Mo ṣèlérí gírámà. Ẹ ka àwọn iṣẹ́ náà sókè: fọ̀ ọ́, ṣan án, fún un, gbọ̀n ọ́n, nà án, sá a, ká a. Ìlànà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn tó tẹ̀lé wọn kọ́ wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn òkè, ohùn àárín ni arọ́pò-orúkọ àbọ̀ yóò ní. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ àárín tàbí ìsàlẹ̀, arọ́pò-orúkọ á lọ sókè. Ẹ tún wo fún àti lọ́. A ń fún ọsàn, a ń fún ọmú màlúù: omi inú nǹkan la fẹ́. Ohun tí a bá lọ́, ara rẹ̀ ló yí padà. Àlàyé bàbá alágbàfọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kí wọ́n tó la ẹnu. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni rún. “Aṣọ náà rún,” la máa ń wí, gbólóhùn tí kò ní olùṣe, bí ẹni pé aṣọ ló dá ara rẹ̀ rún. Nínú gírámà, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Nínú yàrá Ìyá Àgbà, olùṣe wà: ọwọ́ tó fọ̀ ọ́, ọwọ́ tó sá a, ọwọ́ tó tẹ́ ẹ.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, mo fọwọ́ kan gìgísẹ̀ òsì wọn, ó gbóná, ó sì dúdú ju èkejì lọ. Ẹ̀rù bà wá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ká fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun wọn kí gìgísẹ̀ má kan nǹkankan. Wọ́n ní ká máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, ká máa fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ nígbàkígbà tí a bá yí wọn, ká sì gbé wọn sókè, ká má wọ́ wọn lórí aṣọ. Màmá mi gba aago méjìlá àti méjì òru, èmi gba mẹ́rin àti mẹ́fà. Mo ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì mi láàárín méjèèjì. Ọjọ́ kẹsàn-án, ibẹ̀ tutù. N kò lè sọ pé aṣọ ló wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìyá Àgbà, tí ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara lẹ́nu wọn mọ́, ní, “Àbẹ̀kẹ́, ó tẹ́jú.”

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àgbàlagbà kan nílé tí kì í dìde mọ́, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní ìlú tí a ti wá. Bí ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn wọn, abẹ́ ìdí wọn àti abẹ́ gìgísẹ̀ wọn. Bí ìka yín bá bá ìlà kan pàdé, ẹ tẹ́ ẹ.