Odídẹrẹ́ Tí Kò Ní Oko Ìwájẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àtúnṣe ni mo bá wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ewì mi lórí odídẹrẹ́ nínú ìwé wa yìí lọ́dún tó kọjá á rántí pé mo ki ẹyẹ náà dáadáa. Mo ní ó wẹ̀wù eérú, mo ní ó fi aró pupa dírù, mo ní ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo kà á. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni. Lọ́jọ́ tí mò ń kì í níwájú yín, ìhòòhò ni odídẹrẹ́ yẹn wà nílé.

Ìyá ìyá mi ló ni ẹyẹ náà, n'Ìbàdàn. Oníbàárà kan ló jẹ wọ́n lówó ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Kò rówó san, ló bá gbé odídẹrẹ́ tòun ti kéèjì wá dí gbèsè. Mo kéré nígbà náà, mi ò tíì lọ sílé ìwé girama. Ayékòótọ́ la sọ ọ́. Kò pẹ́ rárá tó fi gba ohùn ìyá àgbà. Bẹ́nì kan bá kan géètì, á ní, "Ta nìyẹn?" Bí oníbàárà bá dé, á ní, "Ó ti tán o!" nígbà tí mọ́ínmọ́ín ṣì kún inú ìkòkò. Ìyá àgbà á sì sáré jáde, wọ́n á máa pariwo pé, "Kò tíì tán o, ẹ má dá ẹyẹ lóhùn!"

Èmi ni wọ́n fún níṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ: ma da àgbàdo àti ẹ̀pà sínú agolo, ma bu omi, ó parí. Bí ìyẹ́ pupa kan bá já bọ́ nírù rẹ̀, ma ṣà á. Ẹ̀yin tá a jọ ń kọ́ Yorùbá, ẹ mọ iyì ìkóódẹ. Bàbá kan tó ń ta èlò ìṣègùn lọ́jà ló ń rà á lọ́wọ́ mi, bisikíìtì ni mo sì ń fi owó rẹ̀ rà. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹyẹ yẹn kò ju ẹnu rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ lọ. Òun náà ni mo kó sínú ewì.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, orúnkún ò jẹ́ kí ìyá àgbà lè dúró ti iná mọ́. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀, ilé wá dá. Nígbà tí mo délé ní ọlidé tó tẹ̀lé ewì yẹn, mo kan géètì, mi ò gbọ́ "Ta nìyẹn?" Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àyà Ayékòótọ́ rí bí ti adìyẹ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná tu. Abẹ́ apá rẹ̀ ti bó. Orí nìkan ni ìyẹ́ pé sí, torí pé ẹnu rẹ̀ ò lè dé orí ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ara rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá àgbà, kí ló ṣe é?"

Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó sú mi. Mo ti fi àdí pa á lára, kò gbọ́. Àwọn ará ilé kejì ní kì í ṣe ojú lásán."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, torí pé àìsàn náà lè mú kí ẹyẹ máa tu ara rẹ̀. Dókítà wá kòkòrò lára rẹ̀, kò sí. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá bi mí pé, "Kí ló máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?"

Mo ní, "Ó ń jẹun, sà."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?"

Mi ò lè fèsì.

Láti kékeré mi ni ìyá àgbà ti ń ṣe é ládùúrà fún wa pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, pé a ò ní kú sóko ìwájẹ. Mo ti ṣe àmín rẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò fetí sí ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹ wò ó dáadáa. Wọn ò pè é ní oko ìjẹ. Ìwájẹ ni: ká wá a, ká tó jẹ ẹ́. Àwọn tó dá gbólóhùn yẹn sílẹ̀ ti wo ẹyẹ yìí débi tó ń lọ. Nínú igbó, bílẹ̀ bá ti mọ́, odídẹrẹ́ á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fò jáde. Á wá ẹyìn ọ̀pẹ, á wá èso àti kóró igi, á fi ẹsẹ̀ kan di ọ̀kan mú, á fi ẹnu bó o, á fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́ nìyẹn ń gbà. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jọ padà sórí igi tí wọ́n ń sùn sí. Èmi wá sọ iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan di agolo àgbàdo, mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Nígbà tí mo padà sí káńpọ́ọ̀sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1963, Glen Jensen, ará Amẹ́ríkà, gbé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ka iwájú àwọn eku, ó tún ṣètò oúnjẹ kan náà síbi tí eku ti gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kó tó rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọ̀fẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2003, Cheryl Meehan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà fún àwọn ọmọ ẹyẹ Amazon, ìbátan odídẹrẹ́, ní ohun tí wọ́n á tú kí wọ́n tó jẹun àti ohun tí wọ́n á máa gùn. Ìyẹ́ àwọn yẹn dára. Àwọn tí kéèjì wọn ṣófo ló ń tu ara wọn, nígbà tí wọ́n sì fún àwọn náà ní iṣẹ́, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Lọ́dún 2021, Emma Mellor àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹyẹ inú ilé tó lé ní 1,300, oríṣi 50 nínú ìdílé odídẹrẹ́. Àwọn oríṣi tí oúnjẹ wọn nínú igbó ń fẹ́ bíbó àti fífọ́ jù ni títu ara ẹni ń bá jà jù.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni gbogbo ẹranko ń fẹ́ o. Lọ́dún 2003 kan náà, Ros Clubb àti Georgia Mason fi hàn pé àwọn ẹranko apẹran tó ń rin ọ̀nà jíjìn nínú igbó ló ń lọ síwá sẹ́yìn jù nínú ọgbà. Àyè tí ọgbà ẹranko ń fún béárì funfun, bí ìdá kan nínú 1,000,000 ilẹ̀ tó kéré jù tó ń rìn ni. Ohun tí àhámọ́ gbà lọ́wọ́ ẹranko kan yàtọ̀ sí tèkejì. Ẹni tó sé e mọ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wádìí èyí tó gbà lọ́wọ́ tirẹ̀.

A wádìí tiwa. Tí Ayékòótọ́ bá na apá nínú kéèjì àtijọ́, á kan irin lọ́tùn-ún lósì. Wẹ́dà ṣe èyí tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Irin dídán kan ló ń dúró lé tẹ́lẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. A gé ẹ̀ka gúáfà sí i, nínípọn àti tínrín. A gbé e kúrò lẹ́yìnkùlé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń rí èèyàn. Ó wá ku oúnjẹ. Mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé kò yẹ ká máa dà á sínú agolo mọ́, pé ó yẹ kó tú nǹkan kó tó rí i jẹ.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ká pọ́n ọn ni, bí ẹ̀kọ?"

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ ra ewé eéran wá. Wọ́n pọ́n ẹ̀pà sínú ọ̀kan, àgbàdo sínú òmíì, ata sínú ìkẹta, torí ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Wọ́n fi okùn so wọ́n kọ́. Lọ́jọ́ kìíní, Ayékòótọ́ sá lọ sí igun, ó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ẹnu tọ́ ọ, ó sá padà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ewé ti tú ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ di ẹ̀pà mú.

Ìyẹ́ múlọ́múlọ́ ti ń hù láyà rẹ̀ báyìí. Abẹ́ apá ò hù, dókítà sì ní ó ṣeé ṣe kó má hù mọ́ láé. Mo ti rò ó pé ká tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ igbó, kò sì ní ẹgbẹ́ tó máa bá fò. Kò yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Johannesburg lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn CITES fẹnu kò pé kí òwò odídẹrẹ́ igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíì dópin, torí pé a ti mú wọn jù, a sì ti gé igbó wọn jù. Nítorí náà, bẹ́nì kan bá fi ọ̀kan lọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Bó bá sì ti wà nílé yín, ẹ lọ wo ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìyá àgbà ló ń pọ́n oúnjẹ rẹ̀ láràárọ̀ báyìí, lórí àpótí tí wọ́n fi ń jókòó tajà tẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n lórí fóònù bóyá kò ń rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Kó rẹ̀ mí kẹ̀? Ṣé kí n kàn máa jókòó kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún mi ni?" Mo gbọ́ ohùn wọn kan náà lẹ́yìn tó ń pariwo pé, "Ó ti tán o!"

Ní ti ewì yẹn, ẹ bá mi fà á ya. Mo mú ẹ̀dà tèmi lọ sílé, mo sì fi pọ́n ẹ̀pà lọ́jọ́ kan tí ewé tán. Ayékòótọ́ fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo rò pé ó gbádùn rẹ̀ jù yín lọ.